Ara ọmọ tó ń kọ oúnjẹ: bí a ṣe ń wá ìtọ́jú álẹ́jì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Bí ọmọ bá jẹun tán ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, tí ara rẹ̀ sú, tí ètè rẹ̀ wú, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu ará ilé. Ìyá àgbà á ní èélá ni. Ẹni tó ń gbé yàrá kejì á ní ooru ni, kí wọ́n fi páúdà pa á lára. Ẹlòmíì á ti máa béèrè ta ló gbé ọmọ náà lánàá. Kí wọ́n tó parí àríyànjiyàn, bàbá ọmọ ti ra Piriton dé láti kẹ́mísì àdúgbò, wọ́n ti fún un lò, ara ti rọlẹ̀, ọmọ ti sùn. Kò pẹ́ kò jìnnà, nǹkan kan náà á tún ṣẹlẹ̀, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èélá.

Ní tèmi, ibi tí ìtọ́jú álẹ́jì ti ń dojú rú lọ́dọ̀ wa nìyí: a máa ń ra oògùn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tí ọmọ jẹ, ìgbà tó jẹ ẹ́, àti bó ṣe pẹ́ tó kí ara rẹ̀ tó yí padà. Ìbéèrè mẹ́ta yìí kò náni ní kọ́bọ̀, àwọn gan-an sì ni dókítà tó mọṣẹ́ máa kọ́kọ́ bi yín kó tó mú abẹ́rẹ́ tàbí ìwé àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ti ní ìdáhùn wọn lọ́wọ́ ti rin ìdajì ọ̀nà.

Ara ọmọ ní ohun tó fi ń gbógun ti àrùn. Nínú álẹ́jì, ara á ṣi nǹkan tí kò ní in lára mú fún ọ̀tá: ẹ̀pà, ẹyin, edé, eruku, irun ẹran. Á wá pèsè èròjà kan tí àwọn dókítà ń pè ní IgE dè é. Èròjà yìí á lọ dúró sára àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú awọ, imú, ọ̀nà ọ̀fun àti ìfun. Ọjọ́ tí ọmọ bá tún pàdé nǹkan náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn á tú histamine àtàwọn èròjà míì síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òun ló ń mú kí ara yún, kí ojú wú, kí imú máa ṣomi, kí inú rú.

Nítorí náà ni àkókò ṣe jẹ́ ẹlẹ́rìí tó dájú jù. Álẹ́jì oúnjẹ tó ń tọwọ́ IgE wá kì í pẹ́ kó tó yọjú: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ ni. Bí ọmọ bá jẹ ẹyin láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí ara rẹ̀ sú lọ́sàn-án Túsìdeè, ẹ wá ẹlẹ́bi síbòmíì. Irú kan wà lóòótọ́ tí kì í tètè yọ, bíi ti mílíìkì màlúù tó ń mú kí ìgbẹ́ ìkókó lẹ́jẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í sábà mú ètè wú tàbí kó mú ara sú lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nǹkan tí à ń pè ní álẹ́jì kì í sì í ṣe é rárá. Àwọn tó ti dàgbà láàárín wa rántí bí chloroquine ṣe ń yúnni: èèyàn á họ ara títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí nǹkan kan lára rẹ̀. Ẹ̀yún yẹn wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, kò sì tọwọ́ IgE wá. Láti 2005 ni Nàìjíríà ti fi chloroquine sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn àkọ́lò fún ibà, tí artemether-lumefantrine gba ipò rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ ṣì lè rí òbí tó ń kọ “álẹ́jì oògùn ibà” sí fọ́ọ̀mù iléèwé ọmọ tí kò tíì lo chloroquine rí láyé rẹ̀, nítorí pé ó yún bàbá rẹ̀ nígbà kan.

Ewùrà náà ń jẹ nínú irú ẹ̀sùn yìí. Ẹni tó bá ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́ mọ̀ pé ó lè yún òun lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Àwọn èròjà tín-tìn-tín tó mú ṣóńṣó tó wà nínú iṣu tútù ló ń gún awọ. Kò kan álẹ́jì, ọmọ tí omi ewùrà yún lọ́wọ́ sì lè jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ ní àjẹyó bó bá ti jinná. Bí gbogbo ilé bá sì ń họ ara lóru, láti orí ọmọ dé orí àbúrò ìyá tó wá kí wọn, kúrúnà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Álẹ́jì kì í ran ẹnikẹ́ni.

Ti oògùn apakòkòrò gba ìṣọ́ra díẹ̀ sí i. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná lo Ampiclox, ní ọjọ́ kẹta ara rẹ̀ sú, a bá pariwo pé penicillin lòdì sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àìsàn tó ń ṣe é ló mú ara sú, oògùn kàn bá a lọ́nà ni. Ní Amẹ́ríkà, nínú àwọn tí wọ́n kọ álẹ́jì penicillin sí fáìlì wọn, ó lé ní 9 nínú 10 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n lè lò ó láìséwu. Àmọ́ bí ọmọ bá lo oògùn bíi Septrin, tí awọ rẹ̀ ń léròrò tó ń bó, tí ẹnu àti ojú rẹ̀ di egbò, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì fún un ní oògùn yẹn mọ́ láéláé.

Tom Brown àti ẹ̀pà

Oúnjẹ kan wà tí mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kọ́kọ́ pàdé wàhálà. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po Tom Brown fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà: àgbàdo, ọkà bàbà, sóyà àti ẹ̀pà, wọ́n á yan gbogbo rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀. Àwọn kan á tún fi edé gbígbẹ sí i kó lè lágbára. Oúnjẹ dáadáa ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ àìjẹunre-kánú. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà, sóyà àti edé wà lára àwọn oúnjẹ tó ń fa álẹ́jì jù lágbàáyé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà nínú ife kan ṣoṣo. Bí ọmọ bá lá ṣíbí méjì tí ojú rẹ̀ wú, èwo lẹ fẹ́ dá lẹ́bi? Ìyá á ní òun kò fún un ní Tom Brown mọ́. Ó tọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ọmọ náà á jẹ mọ́ín-mọ́ín tí wọ́n fi edé sí, ohun tó ṣẹlẹ̀ á ya gbogbo ilé lẹ́nu.

Kí ẹ tó pò ó pọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan pàdé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ díẹ̀ sínú ògì láàárọ̀, kí ẹ lè rójú ọmọ lọ́sàn-án. Ẹ fi ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ kó tó kan sóyà, lẹ́yìn náà edé. Ẹ má dán nǹkan tuntun wò lálẹ́ tí gbogbo kẹ́mísì ti tì. Ẹ̀pà odidi sì jẹ́ èèwọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, nítorí pé ó lè há a lọ́fun.

Àwọn ìyá kan tó kàwé á béèrè pé ṣé kò sàn kí àwọn fi ẹ̀pà pamọ́ fún ọmọ títí yóò fi dàgbà díẹ̀. Wọn ò jẹ̀bi; ìmọ̀ràn àtijọ́ ló dé etí wọn. Ní 2000, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ pé ọmọ tí álẹ́jì wà nínú ìdílé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀pà kó tó pé ọdún mẹ́ta. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ ní 2008. Ọdún yẹn náà ni Gideon Lack, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde pé álẹ́jì ẹ̀pà láàárín àwọn ọmọ Júù tó wà ní Bìrìtìkó pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti àwọn ọmọ Júù tó wà ní Ísírẹ́lì, níbi tí àwọn ìkókó ti ń jẹ ìpápánu ẹ̀pà kan tó ń jẹ́ Bamba. Wọ́n wá ṣe ìwádìí LEAP, èyí tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Ọmọ 640 ni wọ́n lò, láti oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá, gbogbo wọn ló ní ìfo (eczema) tó le tàbí álẹ́jì ẹyin. Wọ́n ní kí ìdajì máa jẹ ẹ̀pà, kí ìdajì yẹra fún un títí wọ́n á fi pé ọdún márùn-ún. Láàárín àwọn tí àyẹ̀wò awọ wọn kò ní nǹkan kan nínú níbẹ̀rẹ̀, ìpín 13.7 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó yẹra ló ní álẹ́jì ẹ̀pà nígbẹ̀yìn. Lára àwọn tó ń jẹ ẹ́, 1.9 péré.

Àwọn ìyá wa tó ń fi ẹ̀pà sí ògì ọmọ láìbi ẹnikẹ́ni kò ṣe àṣìṣe, nígbà náà. Ọmọ tí ìfo rẹ̀ bá le gan-an, tàbí tí ẹyin ti mú kí ara rẹ̀ sú rí, ni kó kọ́kọ́ rí dókítà kó tó fi ẹnu kan ẹ̀pà.

Ìfo náà ṣe pàtàkì ju bí a ṣe ń wò ó lọ. Ẹ̀rí ń pọ̀ sí i pé oúnjẹ tó bá gba ẹnu wọlé sábà máa ń kọ́ ara ọmọ láti gbà á, àmọ́ èyí tó bá gba awọ tó ti sán wọlé lè kọ́ ọ láti kọ̀ ọ́. Ẹ wo ohun tí à ń fi pa ọmọ lára lẹ́yìn ìwẹ̀: àdín, òróró, nígbà míì òróró ẹ̀pà gan-an. Lórí awọ tó dán mọ́rán, ó lè má ṣe nǹkan kan. Lórí awọ tí ìfo ti bó, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn. Òrí pọ́ńbélé tí kò ní lọ́fínńdà tàbí vaseline lásán ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi pa á lára nígbà tí awọ ṣì tutù láti inú omi, lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Ọṣẹ dúdú tí à ń yìn fún gbogbo àrùn awọ máa ń gbẹ awọ oní-ìfo ni. Kíríìmù tí wọ́n fi oògùn mẹ́ta pò pọ̀, èyí tí wọ́n ń tà káàkiri bíi súìtì, máa ń ní steroid tó lágbára nínú. Á mú ìfo rọlẹ̀ lọ́jọ́ méjì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi pa ojú ọmọ fún oṣù púpọ̀, awọ á fẹ́lẹ́. Steroid kì í ṣe májèlé, dókítà awọ máa ń kọ ọ́ fúnni. Ó kọ ìwọ̀n rẹ̀, ó kọ ibi tí ẹ máa fi sí, ó sì kọ ọjọ́ tí ẹ máa dáwọ́ dúró.

Edé, ìgbín, aáyán

Ní agbègbè wa, tí edé àti ẹja gbígbẹ ń ti Etí Omi wọ ọjà Òkè-Ajé, ìkọ́kọrẹ́ tí kò ní edé àti ẹja kì í pé ní orúkọ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí sì ti ṣàkíyèsí pé ọmọ tí ikọ́ fée ń bá jà tún máa ń họ ọ̀fun bó bá jẹ edé tàbí ìgbín, wọ́n rò pé wàhálà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Wọ́n lè jẹ́ ìbátan. Èròjà kan tó ń jẹ́ tropomyosin wà nínú ẹran ara edé, alákàn, aáyán àti kòkòrò kékeré tí ojú kò rí tó ń gbé inú eruku ibùsùn. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti kọ kòkòrò eruku lè fi àṣìṣe kọ edé pẹ̀lú. Ìgbín náà ní irú ìbátan bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kòkòrò eruku. A ti mọ̀ ọ́n mọ́ àwọn oní-ikọ́ fée pé ìgbín lè dá ikọ́ wọn sílẹ̀ kíákíá. Nítorí náà, bí àyà ọmọ bá máa ń súfèé, ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́ nípa ìgbín pẹ̀lú, ẹ má sọ ti eruku nìkan.

A tún máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru ọyẹ́. Lóòótọ́, eruku àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ ìgbà ọyẹ́ máa ń ha imú àti àyà. Ṣùgbọ́n kòkòrò eruku fẹ́ràn ọ̀rinrin; ìgbà òjò ni fóòmù àti tìmùtìmù wa máa ń gbà wọ́n lálejò jù. Ẹ máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ máa sá fóòmù sóòrùn, ẹ sì mú kí aáyán dín kù. Èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí, kọ́ìlì ẹ̀fọn, jẹnẹrétọ̀ lẹ́bàá fèrèsé: àwọn wọ̀nyí kì í fa álẹ́jì fúnra wọn, àmọ́ wọ́n ń run àyà tó ti ń ṣàìsàn. Tí ẹ bá sì ń gbé oní-ikọ́ fée lọ wo Ojúde Ọba, ẹ jẹ́ kó máa wo ẹṣin láti ọ̀ọ́kán. Èépá ara ẹṣin jẹ́ nǹkan álẹ́jì gidi, ká má tíì sọ ti èéfín ìbọn.

Ta ni kí ẹ lọ bá?

Oníkẹ́mísì ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń lọ bá, mi ò ní díbọ́n pé a máa jáwọ́. Kó ṣáà mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Piriton ń dá ẹ̀yún dúró, ó ń mú ara tó sú rọlẹ̀, ó sì ń kun ọmọ lóorun. Kò lè ṣí ọ̀nà ọ̀fun tó ń dí. Cetirizine àti loratadine kì í kunni lóorun tó bẹ́ẹ̀. Phenergan kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, nítorí pé ó lè dá èémí rẹ̀ dúró; àwọn ìyá kan sì ń fún ìkókó lò kó lè sùn. Bí oníkẹ́mísì bá sọ pé kí òun gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ “alápòpọ̀” fún ara yíyún, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá lè dárúkọ wọn, ẹ gbé ọmọ yín, ẹ máa lọ.

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín lè tọ́jú ìfo tí kò le, wọ́n sì lè kọ lẹ́tà tó máa gbé yín síwájú. Ọsibítù ìjọba wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní Rẹ́mọ, a ní ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn méjì: ti Yunifásítì Olábísí Ọnàbáńjọ ní Ṣágámù, àti ti Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn. Ẹ má retí pé ẹ máa rí pátákó “dókítà álẹ́jì”. Àwọn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Dókítà ọmọdé lẹ máa béèrè fún, òun ló máa fi yín ránṣẹ́ sọ́dọ̀ dókítà awọ tàbí ti etí, imú àti ọ̀fun.

Ohun tí ẹ bá mú dání lọ́jọ́ náà ló máa sọ bí ọ̀rọ̀ yín ṣe máa yá. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ara tó sú, torí pé kí ó tó kàn yín lórí ìlà, ara ti lè jọ̀lọ̀. Ẹ ká fídíò èémí ọmọ tó ń súfèé lóru. Ẹ kó ọ̀rá bisikíìtì tó jẹ àti páálí gbogbo oògùn tó ti lò dání. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tó jẹ, ìwọ̀n rẹ̀, aago tó jẹ ẹ́, aago tí ara yí padà, ohun tó ń ṣe lásìkò náà, àti bóyá ó ti jẹ nǹkan kan náà rí láìsí wàhálà. Ọmọ tó jẹ ẹyin lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá láìsí nǹkan kan, ẹyin kọ́ ló ń dà á láàmú.

Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò. Ti awọ rọrùn: wọ́n á kán omi nǹkan tí wọ́n ń fura sí sí apá tàbí ẹ̀yìn ọmọ, wọ́n á fi ṣóńṣó gún ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á dúró bí ìṣẹ́jú 15. Bí ibẹ̀ bá lé tó mìlímítà mẹ́ta ju ibi tí wọ́n kán omi lásán sí lọ, ara mọ nǹkan náà. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ tíì lo Piriton tàbí cetirizine fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò á parọ́. Ti ẹ̀jẹ̀ ń wo IgE. Níbí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ lajú. Aràn inú náà máa ń mú kí àpapọ̀ IgE ga fíofío, nítorí náà ìwé tó kàn sọ pé “IgE ọmọ yín ga” kò tíì sọ nǹkan kan fún ọmọ tó ń ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó. IgE ti nǹkan kan pàtó, bíi ẹ̀pà tàbí edé, ni kí ẹ béèrè fún. Pé ara mọ nǹkan kò sì túmọ̀ sí pé á kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń jẹ ẹ̀pà láìsí wàhálà tí àyẹ̀wò sì ń pariwo ẹ̀pà.

Àwọn kan tún ń polówó àyẹ̀wò IgG lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó máa ń gbé ìwé oníoúnjẹ bí àádọ́ta jáde tí ọmọ “kò gbọ́dọ̀ jẹ”. IgG kàn ń fi hàn pé ọmọ ti jẹ oúnjẹ yẹn rí ni. Àwọn ẹgbẹ́ dókítà álẹ́jì ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó láti dá álẹ́jì mọ̀. Owó ni ẹ fi ṣòfò, ọmọ tí wọ́n bá sì fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ gba ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà lẹ́nu rẹ̀ á gbẹ.

Àyà tó ń súfèé

Lórí ikọ́ fée, ẹ̀rù tó wọ́pọ̀ jù ni pé ìnhélà á di bárakú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé oríṣi méjì ni. Èyí aláwọ̀ búlúù ń la èémí lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ní steroid díẹ̀ nínú ló ń wo ọ̀nà èémí tó wú sàn, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n sábà máa ń ní kí ọmọ fà á. Ọmọ tó ń lo ti búlúù nìkan ní gbogbo ìgbà, tí kò ní èkejì, ń pa iná ojú lásán. Láti 2019 ni ìlànà GINA tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé káàkiri ayé ti sọ pé àwọn ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ gbára lé ti búlúù nìkan.

Owó rẹ̀ ni ìṣòro. Lóṣù Kẹjọ 2023 ni GlaxoSmithKline, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Ventolin, ìnhélà búlúù náà, kéde pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, owó Ventolin sì fò sókè lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá salbutamol, oògùn inú Ventolin, tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe wà, torí pé oògùn kan náà ni.

Ọmọ kékeré kò lè fa ìnhélà lẹ́nu gbọnrangandan; oògùn á kàn lẹ̀ mọ́ ọ̀fun ni. Ó nílò agolo tí èéfín oògùn máa dúró sí kó tó fà á, èyí tí wọ́n ń pè ní spacer. Bí ẹ kò bá rí i rà, ìwádìí tí Heather Zar àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Cape Town, tó jáde ní 1999, fi hàn pé ike omi oní-500 mililítà ṣiṣẹ́ bíi ti olówó ńlá. Ẹ fi ọṣẹ fọ ike náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ láìnù ún. Ẹ fi wáyà gbígbóná lu ihò sí ìdí rẹ̀ tó bá ẹnu ìnhélà mu gẹ́lẹ́, ẹ ki ìnhélà bọ̀ ọ́, ẹ fi nǹkan lẹ àlàfo rẹ̀ pa. Ẹnu ọmọ á wà níbi ọrùn ike. Ẹ mi ìnhélà, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ mí sínú mí síta bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, kí ẹ tó tún mì í fún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wo bí ẹ ṣe ṣe é.

Nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí

Ara tó sú nìkan kì í pa ọmọ. Bí ara bá sú tí ọmọ tún ń bì léraléra, tí ohùn rẹ̀ há, tó ń mí gúlegúle, tí àyà rẹ̀ ń súfèé, tàbí tó rọ jọwọlọ tí kò dáhùn mọ́, ohun tí wọ́n ń pè ní anaphylaxis ti dé. Oògùn àkọ́kọ́ fún un ni abẹ́rẹ́ adrenaline, ní ẹ̀gbẹ́ itan lóde, nínú ẹran. Ìgò kékeré oní-mililítà kan tó ní mílígíráàmù kan nínú ni. Ọmọ tó wúwo tó kìlógíráàmù 15 á gba 0.15 mililítà, wọ́n sì lè tún un gún lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún bí kò bá yí padà. Oògùn yìí ti pẹ́ láyé, kò sì wọ́n bí a ṣe rò. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n á ti kọ́kọ́ gún hydrocortisone àti Piriton, tí wọ́n á máa wo ọmọ lójú. Àwọn méjèèjì lè tẹ̀ lé e. Wọn kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ lè béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ilé ìwòsàn àdúgbò yín kí ọjọ́ burúkú tó dé: “Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé adrenaline wà nílẹ̀?”

Pẹ́ẹ̀nì adrenaline tí ènìyàn fi ń gún ara rẹ̀ ṣọ̀wọ́n níbí. Tí ẹ̀gbọ́n bá fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Lóṣù Kẹjọ 2024 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ń fín sí imú, a ṣì ń retí ìgbà tí irú rẹ̀ máa dé kẹ́mísì wa. Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí ọmọ lẹ́nu. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ń dí á fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, àyàfi bí èémí bá ń ṣòro fún un, ìgbà náà kí ó jókòó. Bí mọ́tò bá wà, ẹ má gbé ọmọ tó ń dákú sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà. Lẹ́yìn tí ara bá yá, kó má tíì kúrò lọ́sibítù fún wákàtí mélòó kan, torí pé ó lè padà wá.

Iléèwé gbọ́dọ̀ mọ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ọ̀gá iléèwé nìkan. Ẹni tó ń bu oúnjẹ gan-an. Bisikíìtì inú páálí sábà máa ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára, ṣùgbọ́n dọ̀nkùwà, kúlíkúlì àti ata ṣúyà inú ọ̀rá kò ní ìwé lára. Ẹ̀pà ló pọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Álẹ́jì kan kì í bá ọmọ dàgbà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ara wọn kọ mílíìkì tàbí ẹyin ló máa ń gbà á padà. Ti ẹ̀pà, bí ẹnì kan nínú márùn-ún. Torí náà, ó yẹ kí dókítà tún ọmọ wò lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kó má baà di pé ó ń sá fún oúnjẹ tí ara rẹ̀ ti gbà tipẹ́. Ọsibítù ni wọ́n ti ń dán an wò: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látorí èérún, wọ́n á máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un, adrenaline á wà lórí tábìlì, nọ́ọ̀sì á wà nítòsí. Wọn kì í dán an wò níbi ìsọmọlórúkọ, nígbà tí àǹtí kan bá gbé àwo ìkọ́kọrẹ́ dé, tó ní, “Jẹ́ kó tọ́ ọ wò, jàre, kò lè ṣe é ní nǹkan kan.”